Ohun Tí Ìye Onígi Kò Sọ fún Ìyá Fẹ́mi

Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ìsìnkú Ìye, ẹ̀gbọ́n màmá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin tó máa ń dárí ji gbogbo ènìyàn ni. Mo kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ já lẹ́nu mi. Irọ́ ni. Ìye mi, ìyá tó bí màmá mi, tó tọ́ mi dàgbà ní Odigbo, kò dárí ji ẹnikẹ́ni rí lójú mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ìyá arúgbó oníwà tútù, kó lọ ka ìwé ìsìnkú yẹn. Ó kù rẹpẹtẹ nílé wa, a fi ń bo kùùlà omi.

Bí mo bá kọ "ó" níbi tó yẹ kí n kọ "wọ́n," ẹ má bínú sí mi. Ìye fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ ẹ. Ó ní òun nìkan ṣoṣo ni òun, òun kì í ṣe èrò ọjà.

Gàárì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Omifunfun, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló sì ń yan gàárì. Igi ìdáná jẹ́ àfikún lásán, ṣùgbọ́n àfikún yìí ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbẹ̀ tó ti ibòmíràn wá, tí wọ́n ń dá oko kòkó fún onílẹ̀, máa ń gé àwọn igi kòkó tó ti gbó tí kò so mọ́. Ìye á lọ bá wọn, á ṣa igi náà jọ, á gbé e wálé díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi gáàsì se oúnjẹ nílé, àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá títì ní Ore ṣì ń wá igi, nítorí ìkòkò ńlá kò mọ gáàsì.

Kò sí onígi tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Àwọn yòókù a máa gé igi lónìí, wọ́n a sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó di títà. Ìye a jókòó sórí àpótí kúkúrú, nínú ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn tó jẹ́ ti bàbá mi àgbà, á máa fi adá bó èèpo ara igi kòkó náà títí igi á fi funfun. Èèpo yẹn kò gbọdọ̀ wọlé ìdáná. Kòtò kan wà lẹ́yìn ilé tó ń dà á sí. Lẹ́yìn náà á tẹ́ igi sílẹ̀ gbalaja sẹ́yìnkùlé kí òjò máa pa á, gbogbo ìgbà òjò pátá. Ó di ìgbà tí ọyẹ́ bá dé kó tó mú àáké. Á mú ẹ̀là méjì, á gbá wọn mọ́ra wọn létí rẹ̀. Bí wọ́n bá dún gbọnrangandan, á dì wọ́n. Bí wọ́n bá dún bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀, á dá wọn padà. "Kò tíì mu òjò tó," ni ó máa ń wí, kò sì sí ẹni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó tà á.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó ń fi gbogbo ìyà yìí jẹ ara rẹ̀ nítorí igi. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, òun fi igi kòkó tútù tó ṣì wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ se ọbẹ̀. Omi dà lójú òun, ọ̀fun òun korò, gbogbo ilé ń wúkọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ fà á lọ sídìí ààrò, ó ní kó wo etí iná náà dáadáa. Àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé iná náà ń ṣàìsàn. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó lọ́dọọdún nítorí kòkòrò àti nítorí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ti wọ inú èèpo náà. Tí a kò bá bó o, tí òjò kò sì fọ ohun tó kù, èéfín rẹ̀ á wọ oúnjẹ. Ìye fi ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bó ṣe gbà á: "Bó o bá rí àwọ̀ ewé létí iná kòkó, da oúnjẹ yẹn nù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìjà rẹ̀ díẹ̀, torí ìwé ìsìnkú kò sọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan wà ní Agbabu tó yá aṣọ rẹ̀ lọ sí òde òkú. Ó dá aṣọ náà padà pẹ̀lú àbàwọ́n epo pupa níwájú, kò sì sọ nǹkan kan. Ìye náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wọ aṣọ yẹn lọ sí gbogbo ibi tí ẹbí bá ti pàdé, ìsọmọlórúkọ o, ìgbéyàwó o, ìdúpẹ́ o, á sì jókòó sí ọ̀kánkán àbúrò rẹ̀, àbàwọ́n níwájú gbangba. Ó ṣe é fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ojú ti obìnrin náà tó, tó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí òun ra òmíràn, Ìye na aṣọ náà gbọọrọ lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Èyí ṣì dára. Gbogbo ènìyàn ń rí i."

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ó ń bínú jù, á kọ̀ jálẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ga, ojú rẹ̀ kì í pọ́n. Ó ní, "N kò bínú. Mo ń rántí ni."

Ó wá ku Ìyá Fẹ́mi, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ìyá Fẹ́mi ní bùkà ńlá lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ore. Ará òkè ni, ó ti pẹ́ tó ti wá. Ìrẹsì rẹ̀ lókìkí débi pé àwọn dírẹ́bà tírélà tó ń bọ̀ láti Benin á máa fi ebi dúró kí wọ́n lè jẹ ẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ wà ní òdìkejì títì, ojú mi sì ń wọ inú ìdáná rẹ̀ gbangba. Ẹnu rẹ̀ kò dára. Ó máa ń pe àwa ọmọ ibẹ̀ ní ará igbó, àwa náà á rẹ́rìn-ín nítorí ìrẹsì dùn. Ọ̀dọ̀ Ìye ló ti ń ra igi fún ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà òjò kan dé, igi gbígbẹ tán lọ́wọ́ Ìye. Èyí tó wà nílẹ̀ ṣì ń gba òjò. Ìyá Fẹ́mi gun kẹ̀kẹ́ Màrúwà wá sí Odigbo fúnra rẹ̀, ó na ìka sí igi tó tẹ́ sẹ́yìnkùlé, ó ní kí wọ́n máa kó o. Ìye ní kò tíì mu òjò tó.

"Ìye, igi ni mo fẹ́ rà," ni Ìyá Fẹ́mi wí. "Ẹ má kọ́ mi ní iná dídá. Mo ti ń dáná kí n tó mọ̀ yín."

Ó lè bi í pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Ìye ì bá sọ fún un, torí lọ́jọ́ náà kò tíì sí nǹkan kan láàárín wọn. Kò bi í. Ó lọ bá àwọn kan tó ń gé oko kòkó lulẹ̀ kí wọ́n lè gbin ọ̀pẹ, ó kó igi wọn, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan, kòkó tútù pẹ̀lú èèpo rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lórí àwo. Mo ń gbọ́ wọn láti ìdí máṣíìnì mi. "Madam, wetin dey inside dis smoke?" Ọ̀kan gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ìrẹsì náà ń gé òun lọ́fun. Ọjọ́ kejì, àwọn méjì kò dúró rárá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Ìye gbé ìdì igi gbígbẹ mẹ́rin tó wá rí ṣà jọ wá sí Ore. Ti Ìyá Fẹ́mi ni, ó ní obìnrin náà ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ òun tipẹ́, kò yẹ kóun jẹ́ kó wà láìnígi. Bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ báyìí, Ìyá Fẹ́mi jáde láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Ẹ wá wò ó! Òun rèé! Òun ló ń ta igi fún mi! Igi àjẹ́ ni! Láti ọjọ́ tí mo ti ra igi lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ló ti ba ìkòkò mi jẹ́!"

Ó da omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi fọ àwo sórí igi náà. Ó ti igi náà sínú gọ́tà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì já gèlè kúrò lórí Ìye, lójú gbogbo gáréèjì. Irun funfun Ìye wà níta gbangba. Mo ti ń sáré bọ̀ láti òdìkejì títì, ṣùgbọ́n tírélà ń kọjá, n kò lè tètè sọdá. Nígbà tí mo fi débẹ̀, Ìye ti bẹ̀rẹ̀, ó ti mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó ti gbọn erùpẹ̀ rẹ̀, ó ń wé e. Ó wé e dáadáa bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo Ìyá Fẹ́mi, kò ṣépè, kò sunkún. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún ìyá arúgbó. Wọn kò ra igi rẹ̀ mọ́. Gàárì rẹ̀ pàápàá, wọ́n ń yẹra fún un. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì á gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dúpẹ́, wọn kò ní jẹ ẹ́. Àwọn òbí á fa ọmọ wọn wọlé bó bá ń kọjá. Èyí tó dùn mí jù ni tèmi. Mo bí àkọ́bí mi lọ́dún yẹn. Ìye wá, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá ọkọ mi gba ọmọ mọ́ mi láyà, ó gbé e wọ inú ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ Ìye ṣì wà ní nínà. Ó kó o padà díẹ̀díẹ̀, ó ní kí n jókòó, kí n má bá ìyá ọkọ mi jà nítorí òun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra Ìyá Fẹ́mi, n kò sì tíì dẹ́kun.

Pásítọ̀ wàásù nípa ìdáríjì lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ìye. Lẹ́yìn ìsìn, Ìye lọ kí i. Ó ní, "Ìwàásù yín dára, Pásítọ̀. Ẹ lọ tún un sọ fún ẹni tó já gèlè mi."

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí Ìye wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó sì wo òdìkejì títì. Wọ́n ń dáná níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Wo etí iná yẹn." Mo wò ó. Àwọ̀ ewé ni.

Mo dìde fìrì. Mo fẹ́ sọdá títì kí n pariwo lé wọn lórí pé èèpo igi ni, pé kò sí àjẹ́ kankan, pé ìwọ obìnrin yìí lo fọwọ́ ara rẹ ra ìyọnu. Ìye fà mí lẹ́wù.

"Ọma mi, jókòó. Má sọ fún ghan."

"Ìye, bí a bá sọ ọ́, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe àjẹ́!"

"Ṣé èmi ni mo ní mo jẹ́ ẹ? Ẹni tó sọ ọ́ ni kó lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ." Ó tún wo iná náà. "Bó o bá sọ fún un, má wá sí ulí mi ní Odigbo mọ́."

Mo jókòó. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni Ìye ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Á kí Ìyá Fẹ́mi láti òdìkejì títì, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" pẹ̀lú ohùn dídùn, á sì máa wò ó. N kò rí ẹni tó gbádùn nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu òun ló lè gba bùkà yẹn là, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Àwọn àgbà mélòó kan tí wọ́n ṣì mọ̀ nípa èèpo kòkó náà dákẹ́. Àwọn ará igbó ni wọ́n, ta ni yóò bi wọ́n?

Ìyá Fẹ́mi pààrọ̀ alásè. Ó pààrọ̀ ìyọ̀, ó pààrọ̀ òróró, ó ra ìkòkò tuntun. Àwọn aládùúrà wá fi òróró àdúrà kun ògiri ìdáná, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wò bóyá Ìye ri nǹkan mọ́ ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló pààrọ̀ àfi igi. Kòkó tútù ń jó lọ lábẹ́ ìkòkò tuntun, àwọn tírélà ń kọjá lọ láìdúró. Ó tó ọdún méjì kí bùkà náà tó tì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú páànù rẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo láti lọ sọ fún Ìye. Ó wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń bó èèpo. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n má fo nǹkan kan.

Ó ṣe mí bákan nígbà mìíràn, n kò ní purọ́. Mo rí Ìyá Fẹ́mi tó ń din dùǹdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, lábẹ́ agboòrùn kan, ó ti rù, ó ṣì ń fi kòkó tútù dáná nítorí òun ló sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ pupa lójoojúmọ́. Mo sọ fún Ìye pé ó ti tó. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí n gbé ọmọ rẹ?" Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà yẹn, wọn kò tíì jẹ́ kó gbé e.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òun lè máa rí igi òun. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ń bu omi sí i lẹ́nu. Ó ní, "Bí mo bá ti kú, tí ẹ ti sin mí, lọ sọ fún un."

Ọkàn mi rọ̀. Mo rò pé ó ti dé ibi tí àwọn arúgbó máa ń dé. "Ṣé ẹ ti dárí jì í ni, Ìye?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. "Rárá o. Bó bá mọ̀ nísinsìnyí, á wá bẹ̀ mí. Àwọn ẹbí á jókòó lé mi lórí pé kí n gbà. Mo fẹ́ kó mọ̀ nígbà tí kò ní rí ẹni tó máa bẹ̀."

A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ aṣọ dúdú mi, mo gba gáréèjì lọ. Ìyá Fẹ́mi rí mi, ó dìde, ó ń wá ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn. Mo kí i bó ṣe yẹ kí n kí àgbà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ ẹ̀là kan níbi tó to igi rẹ̀ sí, mo fi èékánná bó èèpo rẹ̀, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Èyí ni, mà. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bó o, tí ẹ sì jẹ́ kí òjò pa á, kò ní ṣe ìrẹsì yín ní nǹkan kan. Ẹ wo etí iná yín."

Ó wò ó. Dùǹdú ń jóná lórí iná, kò yí i.

"Ìye mọ̀?"

"Ó mọ̀, mà. Ọdún mẹ́sàn-án."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ẹ kò bi í."

Ó ju èèpo náà sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó sì ń wá bàtà rẹ̀ kiri. "Mú mi lọ. Dúpẹ́, jọ̀ọ́, mú mi lọ bá a, kí n lọ..." Ó wo aṣọ dúdú mi láti òkè dé ilẹ̀.

Ìyá Fẹ́mi kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku gáréèjì, ìyá tó ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n bá Ìye gba ẹ̀bẹ̀ òun, èmi ni ọmọ rẹ̀, èmi ni mo kù fún òun láti bẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí ọmọ tí a kọ́ ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo dúró, mo wò ó dáadáa, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo sì yí padà, mo pe ọ̀kadà, mo gùn ún. N kò sọ fún un pé kó dìde.